Lẹ́tà Mẹ́sàn-án Tí Mo Kọ Nípa Àléébù Rẹ

Lake Highlands, Dallas,
Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ.

Tèmítáyọ̀ mi, Àyọ̀ká ọmọ Mobọ́lá,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ti jẹun? Mo mọ̀ pé wàá ní kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ́kọ́ kí ọ tán, ọ̀rọ̀ yòókù kò ní í jáde dáadáa. Ọlọ́run tó mú ọ la ọ̀nà wákàtí márùn-ún já láìsí ewu, yóò mú ọ la ọ̀sẹ̀ yìí náà já. Ilẹ̀ tí o tẹ̀ níbẹ̀ kò ní í yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rí yóò mọ̀ ọ́ sí rere. Àmín. Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún tó máa ń dùn mí ti fi mí sílẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú, ata tí ìyá rẹ gbìn sínú ike lójú fèrèsé sì ti so mẹ́rin. Mo jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀ lánàá, ó ta mí débi pé omi bọ́ lójú mi, mo sì dúpẹ́.

Bíírò ni mo fi ń kọ èyí, nítorí o ní wọn kì í jẹ́ kí ẹ yọ fóònù tí ẹ bá ti wọ àwọn ilé ẹgbẹ́ yẹn, àti nítorí pé èmi kì í lè parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Adédọ̀tun, dííkínì ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní òun máa gba ìlú yín kọjá lọ́la, òun ni mo fi rán. Aṣọ funfun rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹja díndín náà wà nínú kúlà. Jọ̀ọ́, dá kúlà padà, ti Salimot aládùúgbò wa ni, o sì mọ̀ pé Salimot kì í gbàgbé kúlà.

Nígbà tí o pè mí nírọ̀lẹ́ àná tí o ń sunkún, tí o ní ilé mẹ́sàn-án ti di méjì, tí o ní ilé olópòó funfun tí ọkàn rẹ wà níbẹ̀ ti yọ orúkọ rẹ kúrò, tí o wá ní o ò ní í dúró dé ọjọ́ Ẹtì mọ́, pé bọ́ọ̀sì ni wàá wọ̀ padà wá bá mi ní Dallas, èsì kan ṣoṣo tí mo fọ̀ ni pé, ó dáa. Mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Táyọ̀, kò dáa. Mo jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, mo rí i pé kì í ṣe ohun tó wà nínú mi ni mo sọ. Ohun tó wà nínú mi ni pé ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ni mo ba nǹkan náà jẹ́ fún ọ. Nítorí náà màá jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti oṣù Kẹfà. Kà á tán kí o tó pinnu bóyá aṣọ funfun yìí ni wàá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, àbí bọ́ọ̀sì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. O ní ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ni, pé wọ́n ń gbé pọ̀ nínú ilé ńlá, wọ́n sì ń pe ara wọn ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń yan àwọn tó máa wọlé. Mo bi ọ́ léèrè pé irú ọmọ ìyá wo ni wọ́n ń ṣà bí ẹni ṣa ata lọ́jà? O rẹ́rìn-ín, o ní Daddy, ẹ fi sílẹ̀. Èmi ò fi sílẹ̀. Mo rò ó, mo rò ó, mo wá rántí ẹgbẹ́ tí ìyá mi wà nínú rẹ̀ ní Òkè-Igbó, Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bímọ, àwọn yòókù ló ń bá a ṣa kòkó. Nígbà tí ìyá mi kú, àwọn mẹ́rìnlá ló wá gbá ilé wa, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Mo ní háà, ẹgbẹ́ náà mà ni! Bí fọ́ọ̀mù yín ṣe wá béèrè bóyá ìyá ọmọ tàbí ìyá rẹ̀ àgbà ti wà nínú ẹgbẹ́ rí, mo kọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọ orúkọ ìyá mi, mo kọ Ìfẹ́sowápọ̀, mo fi kún un pé olórí alásè ni wọ́n, pé fún odidi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ọbẹ̀ wọn kò jóná rí. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tó. Fọ́ọ̀mù orí kọ̀ǹpútà kò sì ní etí tí ènìyàn lè kọ nǹkan sí bíi ti ìwé, nítorí náà mo tẹ ìyókù síbi tí wọ́n ti béèrè àdírẹ́sì ilé. Bí lẹ́tà wọn kan bá ṣìnà, ohun tó fà á nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ti àwọn ìyá orí fóònù. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń wọ ẹgbẹ́ bíi tìrẹ kóra jọ sójú kan lórí fóònù, wọ́n lé ní igba. Nọ́ńbà ìyá rẹ ni wọ́n pè wọlé, nítorí òun ló wà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín, èmi ni mo sì ń lo fóònù náà láti ìgbà tó ti lọ. Orúkọ rẹ̀ ló ń hàn bí mo bá kọ nǹkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo wọlé, mo kí gbogbo wọn, mo béèrè ọkọ, mo béèrè ọmọ, mo béèrè iṣẹ́, mo gbàdúrà tó bí ìlà mẹ́wàá. Ẹnì kan ò dáhùn. Mo rò pé wọn ò tíì jí ni. Mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kan láti apá Houston dáhùn pé, Mobọ́lá, o ṣeun o, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi lónìí, àdúrà rẹ bọ́ sásìkò. Kí oòrùn tó wọ̀, bí ogójì ènìyàn ló ti kọ̀wé. Mobọ́lá, rántí ọmọ mi, láti àná ló ti ń bì. Mobọ́lá, kí ni ọmọ tìrẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì? Mobọ́lá, ìwọ nìkan lo mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn níbí.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ yẹn nínú ilé yìí láàárọ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa pè é fún ọjọ́ mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kejìlá, mo jẹ́wọ́. Mo ní bàbá ọmọ ni mí o, ìyá rẹ̀ ti lọ sinmi, ẹ má bínú pé mo wá jókòó sáàárín ẹ̀yin obìnrin. Mo ti ń wá bí wọ́n ṣe ń jáde níbẹ̀, mi ò tíì rí i, nígbà tí ìyá ti Houston ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, pé ọkọ òun ti ń jẹun, pé ta ni mo fẹ́ kó máa gbàdúrà bí mo bá lọ? Ìyá mìíràn ní ọkọ òun kò tilẹ̀ mọ nọ́ńbà bàtà ọmọ rẹ̀. Èmi mọ tìrẹ. Mẹ́jọ àbọ̀ ni. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ olóoru na aṣọ tó ti rún, àwọn náà ló sì sọ fún mi pé ọmọ gbọ́dọ̀ ní àgbà ẹgbẹ́ tó máa kọ̀wé rere nípa rẹ̀.

Àgbà ẹgbẹ́ wo ni mo mọ̀? Mo jókòó títí. Mo wá rántí Màmá Pruitt, tí ìyá rẹ ń lọ wẹ̀ fún nígbà tí egungun ìbàdí wọn kán, tí ilé wọn wà lẹ́yìn láíbìrì. Ìyá rẹ sọ fún mi nígbà kan pé àwòrán àwọn ọmọbìnrin tó wọṣọ funfun wà lára ògiri wọn. Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló gbé fóònù, ó ní màmá kò sí nítòsí, kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo kí i, mo ní kí ni orúkọ rẹ, ọmọ mi, kí n lè mọ ẹni tí mo rán níṣẹ́. Kò fọhùn. Mo ní bóyá ó ń wá ìwé tó máa kọ ọ́ sí. Mo ní sùúrù. Ó fi fèrè dá mi lóhùn, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí mo tún pè, ohun kan náà ló tún sọ, bíi pé a ò sọ̀rọ̀ rí. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù. A kì í dá fa ọmọ kalẹ̀ sílé onílé láìmú àgbà dání.

Èmi, Adédọ̀tun àti Kàmíl ọkọ Salimot, a wọ agbádá. A ra iṣu mẹ́rin, ìgò oyin kan àti páálí ṣúgà. Èmi ni mo wakọ̀, o sì mọ̀ pé èmi kì í gun friwéè, ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń sáré, nítorí náà Kàmíl ní bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn ni, pé ọmọ náà á ti wọ ẹgbẹ́ kí a tó dé. Nígbà tí Màmá Pruitt ṣílẹ̀kùn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pariwo. Wọ́n rò pé oòrùn ló dá wa wó, wọ́n ti na ọwọ́ sí fóònù láti pe ọkọ̀ ọsibítù kí Adédọ̀tun tó dìde. Wọ́n fún wa lómi. A jókòó. Kàmíl, tó jẹ́ pé ibi ìgbéyàwó nìkan ló ti máa ń bá ènìyàn tọrọ nǹkan, bẹ̀rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n: ó ní òdòdó kan wà nínú ọgbà màmá tó wù wá, pé a kò wá jà, ìfẹ́ ló gbé wa wá. Adédọ̀tun ń túmọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Màmá Pruitt wá awò ojú wọn, wọ́n fi í wo iṣu, wọ́n fi í wo oyin, wọ́n wá fi í wò mí láti orí fìlà dé bàtà. Wọ́n ní láti ọdún mọ́kàndínlógún tí ọkọ àwọn ti kú, kò sí ọkùnrin tó gbé nǹkan wá sílé náà bí kò ṣe ìwé iná mànàmáná. Wọ́n ní ojú mi jọ ti ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni àwọn, àwọn á fẹ́ rò ó títí di Ọjọ́bọ̀.

Kàmíl rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Èmi ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kí n kó sí i. Adédọ̀tun ló ṣàlàyé, ó ní lẹ́tà ni a wá tọrọ, kì í ṣe ìyàwó. Màmá Pruitt náà wá rẹ́rìn-ín, wọ́n di ìbàdí wọn mú, wọ́n ní kí a má jẹ́ kí ó tún kán. Wọ́n ní ọmọ ta ni ọmọ náà? Mo ní ọmọ Mobọ́lá.

Ẹ̀rín dúró. Wọ́n ní, Mobọ́lá tèmi? Táyọ̀, wọ́n sọ nǹkan kan fún mi tí ìyá rẹ kò sọ fún mi rí. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan tó ń yà wọ́n nírun, ó wo àwòrán ara ògiri náà, ó béèrè àwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ àwọn ni, àwọn tó ṣì ń gbé ọbẹ̀ wá lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ìyá rẹ yà wọ́n nírun tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo ni òun bí, pé bí ó bá lè rí irú wọn, ọkàn òun á balẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bi ọ́ mọ́ pé irú ọmọ ìyá wo ni wọ́n ń ṣà bí ata. Màmá Pruitt kọ lẹ́tà wọn lójú wa níbẹ̀. Ilé kékeré ni ẹgbẹ́ tiwọn, èyí tó wà lẹ́yìn ibi ìfọṣọ tí o ní òrùlé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń jò. Wọ́n ní ó ti ń jò láti ìgbà tí àwọn wà níbẹ̀.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ì bá dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ní lẹ́tà Màmá Pruitt dùn jù. Ó ní o mọ̀wé, o níwà, o lẹ́wà. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ogún ọdún ni mo fi ṣe gírédà kòkó kí ìyá rẹ tó mú mi wá síbí. Àgbẹ̀ ẹlẹ́tàn máa ń kó kòkó tó gbẹ dáadáa sókè àpò, á wá kó èyí tó hu olú sísàlẹ̀. Gírédà tó mọṣẹ́ kì í bu kòkó látòkè. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń ki ọwọ́ bọ̀, màá bu ọgọ́rùn-ún hóró, màá fi ọ̀bẹ là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé, gírédà, ìsàlẹ̀ àpò mi tutù díẹ̀ o, òun ni mo máa ń ní sùúrù fún. Mi ò fẹ́ kí a kó ọmọ mi fún ẹnikẹ́ni bí àpò ẹlẹ́tàn. Bí a bá ń fa ọmọ fún àna nílé wa, bàbá tó bá ṣe olóòótọ́ á sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Nítorí náà mo kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án, ilé kan, lẹ́tà kan. Adédọ̀tun ló bá mi tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó dá ọwọ́ dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó ní Bàbá Táyọ̀, àwọn ará ibí kì í kọ irú èyí o. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ohun tí mo kọ nìyí, má bínú sí mi:

Mo ní Tèmítáyọ̀ ọmọ mi kì í dá ènìyàn lóhùn láàárọ̀ àfi tó bá bọ́jú tán, ẹ má rò pé ìgbéraga ni. Mo ní bí ó bá ń jiyàn, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, èmi ló fi jọ. Mo ní ó máa ń yá ènìyàn ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ní bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ kò ní í sọ, abọ́ tó ti mọ́ ni yóò tún máa fọ̀, nítorí náà bí ẹ bá bá a nídìí omi tí kò sí abọ́ ìdọ̀tí níbẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó ṣe é. Mo ní láti ọ̀sán ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, tí ìjì ń jà, tí fèrè tí wọ́n fi ń kìlọ̀ ìjì ń dún ní gbogbo Dallas, kò lè dá gbọ́ ààrá mọ́. Kò ní í pariwo. Ọwọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló máa wá, kò sì ní í tètè tú u sílẹ̀. Bí kò bá rí ọwọ́, á di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fún un lọ́wọ́.

Ohun tí mo kọ nìyẹn. Mo fi ránṣẹ́ sí ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi títí di ọjọ́ Ajé tí ilé mẹ́ta kọ́kọ́ yọ orúkọ rẹ, àti àná tí mẹ́rin mìíràn yọ ọ́, tí ilé olópòó funfun wà nínú wọn. Bóyá lẹ́tà mi ló fà á, bóyá òun kọ́. Màá máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ bí òun bá ni.

Ṣùgbọ́n rántí pé lánàá, láàárín ẹkún, o ròyìn nǹkan kan fún mi pẹ̀lú ìbínú. O ní lọ́jọ́ Ajé, nínú ilé kékeré tó ń jò yẹn, òjò dé lójijì, ààrá sì sán. O ní ọmọbìnrin kan tó ga, tí o ò mọ̀ rí, fi ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó gba àárín èrò kọjá, ó jókòó tì ọ́, ó sì na ọwọ́ sí ọ láìsọ nǹkan kan. O ní ó ṣe ọ́ bí ọmọ ọwọ́. O ní, Daddy, ó mà ṣàjèjì o, kí ló rí lára mi? Mo mọ ohun tó rí.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ jẹ́wọ́ fún Màmá Pruitt pé mo ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní àwọn ọmọ ilé kékeré náà ti pe àwọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà mi, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá dákẹ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì nínú kíṣìnì wọn, kí gbogbo wọn lè máa kà á. Màmá ní àwọn ò lè sọ ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí èsì máa jáde, pé òfin wọn kò gbà kí ilé kankan ṣèlérí fún ọmọ. Èmi náà ò béèrè. Ohun tí mo gbọ́ tó mi.

Ní báyìí, gbọ́ ọ̀rọ̀ gírédà. Àpò tí a bá dá padà, a kì í dà á nù, a máa ń ní kí wọ́n gbé e padà sínú oòrùn. Ti ilé olópòó funfun kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin ẹgbẹ̀rún ló gba ibẹ̀ kọjá, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi wò ọ́? Ọ̀bẹ wọn kò kan hóró rẹ kan rárá, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Má sunkún nítorí ẹni tí kò là ọ́ wò. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tó ti rí ìsàlẹ̀ àpò rẹ kí wọ́n tó rí òkè rẹ̀. Wọ́n ka gbogbo àléébù rẹ, wọ́n sì pè ọ́ padà lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tún pè ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ṣì ń pè ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ilé olópòó wọ́pọ̀, Táyọ̀. Irú ilé yìí kò wọ́pọ̀. Bí o bá dé ibẹ̀, wọ kíṣìnì wọn, kí o wo ara fìríìjì. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ ilé tó bá wù ọ́ sórí ìwé wọn. Mi ò ní í yàn án fún ọ.

Mo fi bíírò sílẹ̀ díẹ̀ níbí yìí, nítorí agogo méjìlá lù, fèrè ìjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. O mọ̀ pé gbogbo Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n máa ń dán an wò. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìjì kankan. Síbẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ òsì mi ti na jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí o máa ń jókòó sí. Apá àga ni mo dì mú. Táyọ̀, ó yẹ kí n ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà yẹn pé bàbá rẹ̀ náà ní àléébù kan náà.

Mo mọ̀ pé ìdí tí o fi fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn. O ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n o bi mí léèrè lánàá, lẹ́ẹ̀mẹta, pé ta ló wà nílé pẹ̀lú mi. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fún ọ. Fèrè kò tíì dún tán tí Salimot fi kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun wá yá iyọ̀. Mo fún un níyọ̀. Ó jókòó, ó sọ̀rọ̀ Kàmíl, ó bú mọ́tò Kàmíl, ó béèrè kúlà rẹ̀, títí fèrè fi dákẹ́, ó wá dìde lọ. Ó gbàgbé iyọ̀ sórí tábìlì. Ìgbà tó lọ tán ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo rí iyọ̀ tó wá yá ní oṣù tó kọjá, àti ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀, tó jẹ́ pé òun náà ló dá wọn padà láìṣí wọn. Ọjọ́rú àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọdún méjì, Táyọ̀, mo rò pé obìnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń ra iyọ̀ ni.

Aṣọ funfun náà, Salimot ló rán an, léèsì tí ìyá rẹ wọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ ló gé. Mo ní kó fi àpò sí i, nítorí ìyá rẹ kì í wọ aṣọ tí kò lápò. Áńkáṣífù rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀tún. Bí o bá fẹ́ sunkún, fi nu ojú, bí o bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, fi bo ẹnu.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Nínú owó tí o ń gbà níbi iṣẹ́ rẹ ní láíbìrì, jọ̀ọ́ mú ogún dọ́là fún mi, mo fẹ́ fi ra iṣu fún Màmá Pruitt. Wọ́n ní kò sí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, pé àwọn sè é pẹ̀lú oyin wa, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jẹ ẹ́. Má fi owó náà gba inú fóònù o. Ìgbà tí o ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, fóònù ní owó ti wọlé, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ títí, mi ò rí nǹkan kan. Fún Adédọ̀tun lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta màá wà níbi iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Grand Prairie, wọn kì í jẹ́ kí a gbé fóònù wọ àárín ẹrù, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé ọmọ mi ń retí èsì, ó ní kí n fi sínú àpò, pé òun ò ní í rí i. Àwọn ìyá igba yẹn náà ń dúró.

Ọlọ́run tó gba Mobọ́lá lọ́wọ́ wa kò ní í jẹ́ kí ọwọ́ wa ṣófo. Ibi tí o bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, wọn yóò ṣe àyè fún ọ lórí àga. Ọwọ́ tí o bá nà, yóò bá ọwọ́. Bí èsì bá sì dé lọ́nà tí kò tẹ́ wa lọ́rùn, ilé yìí ṣì ni ilé rẹ, ata mẹ́ta ṣì kù lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n má torí tèmi wọ bọ́ọ̀sì.

Iyọ̀ pọ̀ nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọládipọ̀.